Wọ́n dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóró ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó fẹ́ gbé wọn lọ sí kóòtù. Ta ni yóò dáàbò bò ó?

Àdìó_Mọ́lété
Ọjọ́ Ẹtì, aago 11:40 alẹ́

Ẹ kú àsìkò yìí o, gbogbo ilé. Mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 23, fóònù ló ń tún ṣe. Oníbàárà kan gbé fóònù wá pé kó bá òun ṣí i, àṣé fóònù olè ni. Àwọn ọlọ́pàá tọpa fóònù náà dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé e lọ. Mi ò ní dárúkọ àgọ́ wọn. Wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n gbé e kọ́ sára irin, wọ́n ń fi pẹlẹbẹ àdá nà án ní àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n gbé bébà síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ sí i láìkà á. Nígbà tí a sanwó béèlì tó jáde (ẹ má bi mí pé ṣebí ọ̀fẹ́ ni béèlì), kò lè di ṣíbí mú.

Ọmọ náà ní òun ò gbà. A wá lọ́yà kan, ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Àtìgbà yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí a kò mọ̀ ń pè é lóru. Ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Lánàá wọ́n pe onídùúró rẹ̀, ìyẹn ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, pé kó mú ọmọ náà wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun gan-an ni àwọn yóò tì mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún pé ká jáwọ́.

Ẹni tí ọwọ́ ìjọba lù, tó fẹ́ fi kóòtù ìjọba gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ títí ìdájọ́ yóò fi dé?


Baba_Ìbejì
Ọjọ́ Ẹtì, aago 11:58 alẹ́

Ẹ jáwọ́. Èmi kì í fi òótọ́ pamọ́.

Ṣé ẹ rántí Baba Suwe? Oṣù kẹwàá 2011 ni NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, mú un ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà pé ó gbé oògùn olóró mì. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 25 náírà fún un. Gbogbo wa hó yèè. NDLEA gbé ẹjọ́ lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Baba Suwe kú ní oṣù kọkànlá 2021, owó yẹn ò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nìyẹn o, tí Bamidele Aturu sì ṣe lọ́yà fún. Kí lẹ wá rò pé ọmọ tó ń tún fóònù ṣe máa rí gbà?


Agbẹjọ́rò_Tóyìn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 6:15 àárọ̀

Baba Ìbejì, ọ̀rọ̀ Baba Suwe dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n owó tí èèyàn ń gbà lẹ́yìn ìdájọ́ lẹ ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé bí ọmọ ṣe máa wà lálàáfíà kí ìdájọ́ tó dé ni Àdìó bèèrè. Màá padà sórí owó.

Àdìó, ti onídùúró ló yá jù. Òfin Ọlọ́pàá 2020 àti ACJA 2015 (òfin tó ń darí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn) kò gbà kí ọlọ́pàá mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n onídùúró ní iṣẹ́ tirẹ̀: tí wọ́n bá pe ẹni tó dúró fún, kó mú un wá. Bí ọmọ náà bá sá, ọ̀rọ̀ onídùúró di tòótọ́, ẹ̀yin náà sì ti fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá. Kó má sá. Kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá yẹn, pé òun yóò mú un wá ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Kí lọ́yà bá a lọ, kó sì bá a bọ̀. Kí ọ̀gá rẹ̀ má dá lọ rárá.

Ní ti kóòtù, ìwé ẹ̀sùn tí ẹ kọ sí ọ̀gá ọlọ́pàá dáa, àmọ́ òun nìkan kò lè dáàbò bò ó. Ọlọ́pàá lẹ ní kó wádìí ọlọ́pàá. Àlàfo tó wà láàárín ìwé ẹ̀sùn àti ẹjọ́ gan-an ni wọ́n ti ń dẹ́rù ba èèyàn, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì tíì sí adájọ́ kankan tó mọ orúkọ ọmọ náà. Ẹ tètè dí àlàfo yẹn.

Abala 34 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà 1999 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá ènìyàn lóró. Abala 46 sọ pé ẹni tí wọ́n bá tẹ irú ẹ̀tọ́ yìí lójú, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni kó lọ. Ìlànà tí a fi ń pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ti 2009, ṣe àwọn nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àfidáfíìtì, ìwé tí èèyàn búra sí, ni a fi ń jà á. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n lù kì í sábà gun pákó ẹlẹ́rìí kí lọ́yà ọlọ́pàá máa fi ìbéèrè gún un bí ẹ̀gún, àyàfi tí ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì bá takora tí adájọ́ sì fẹ́ gbọ́ ọ látẹnu wọn. Bó bá wà ní àtìmọ́lé tàbí tí kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn tó mọ ọ̀rọ̀ náà lè búra dípò rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn pàápàá lè pe ẹjọ́ lórúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n máa ń sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ kò kan ẹjọ́ yìí.

Èyí tó kàn yín jù: bí ewu bá wà, lọ́yà lè tọ adájọ́ lọ kí ìhà kejì tó gbọ́ rárá, kó gba àṣẹ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́. Ẹ kó gbogbo ìpè òru yẹn jọ, ọjọ́ àti aago, ẹ tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aládùúgbò tó rí ọkọ̀ yẹn. Ìyẹn ni ẹ̀rí tí adájọ́ máa fi gbà pé ewu wà.

Òfin tó lòdì sí ìdálóró, tí Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kejìlá 2017, tún wà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 25; bí ẹni tí wọ́n dá lóró bá kú, ìpànìyàn ni. Ogun kì í ṣe àwáwí, àṣẹ ọ̀gá kì í ṣe àwáwí. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà lẹ́nu èèyàn kò ṣe é lò nílé ẹjọ́, nítorí náà bébà tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí yẹn kò tíì pa á. Òfin yẹn tún sọ pé kí wọ́n dáàbò bo ẹni tó fẹjọ́ sùn àti ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ́wọ́ ìhàlẹ̀. Ó dáa lórí ìwé. Kò sọ ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yín lóru.


Ọlọ́pàá_Fẹ̀yìntì
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:02 àárọ̀

Mo ti ṣe iṣẹ́ náà, mo ti fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti lọ́yà.

Àṣẹ kóòtù kì í sọ èèyàn di òrìṣà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Attorney-General (olórí agbẹjọ́rò ìjọba) Ìpínlẹ̀ Anambra àti Chris Uba ní 2005 pé èèyàn kò lè fi kóòtù ṣe odi kí ọlọ́pàá má wádìí ọ̀ràn tí wọ́n fi kàn án. Àwọn ọmọ wa ní àgọ́ mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá rí i pé wọn ò lè mú un lórí ti fóònù mọ́, wọ́n lè ṣí fáìlì tuntun: ìdigunjalè, ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n á sáré gbé e lọ síwájú májísíréètì kó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé béèlì àtijọ́, ẹ rí i dájú pé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mú un hàn nínú àfidáfíìtì. Bí ti ìdigunjalè bá wá yọ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn, adájọ́ tó lójú máa rí i.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ọmọ náà lọ sí àgọ́ pé kó wá gba fóònù tàbí bàtà rẹ̀ tó gbàgbé. Kó gbàgbé fóònù náà.

Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń pè é lóru kì í sábà jẹ́ DPO. Àwọn tó lù ú ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. DPO fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù ìwé tó bá ti òkè wá. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Police Service Commission, àjọ tó ń bá ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ wí, àti Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀, kí nọ́ńbà fáìlì wà ní Àbújá. Nígbà tí ìbéèrè bá dé láti òkè, DPO kì í fẹ́ kí nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òun.

Ẹ má kọ orúkọ tí kò dá yín lójú. Ìnagijẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Orúkọ IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, wà lára sítétímẹ́ǹtì àti ìwé béèlì. Ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.


Baba_Ìbejì
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:20 àárọ̀

Ọ̀gá, ẹ ṣé tí ẹ sọ òtítọ́. Ṣé ẹ rí i? “Fáìlì tuntun.” Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.


Nọ́ọ̀sì_Rẹ̀mí
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:47 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ òfin. Ara ọmọ náà ni ẹ̀rí tó tóbi jù, ẹ̀rí náà sì ń parẹ́ lójoojúmọ́.

Lónìí, kì í ṣe ọ̀la, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n nà máa ń wú, kì í sì í pẹ́ kí wíwú náà tó lọ, ojú lásán lè má rí nǹkan kan mọ́. Ẹ má kọ́ dókítà ní ohun tí yóò kọ. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ ìwé ìròyìn ìṣègùn, kí ọmọ náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Istanbul Protocol, tó jáde ní 1999, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2022. Ohun tó ń bèèrè kò le: ibi tí àpá kọ̀ọ̀kan wà, bó ṣe gùn tó, àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe rí, ohun tí aláìsàn sọ, àti bóyá àpá náà bá ohun tó sọ mu. Dókítà tó kọ “ó ní ọgbẹ́ káàkiri ara” kò ran yín lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ya fọ́tò. Kọ́kọ́ ya gbogbo ara kí ojú rẹ̀ hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ sún mọ́ àpá kọ̀ọ̀kan, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù máa ń tọ́jú ọjọ́ àti aago sínú fọ́tò. Bí ẹ bá fi WhatsApp ránṣẹ́, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò, nítorí náà ẹ tọ́jú ti inú fóònù gan-an. Aṣọ tó wọ̀ ní sẹ́ẹ̀lì, ẹ má fọ̀ ọ́. Inú àpò bébà ni kí ẹ fi sí. Nínú ọ̀rá, ó máa bu.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tí wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn gbé kọ́, tí kò lè di ṣíbí mú, iṣan tó gba èjìká lọ sí ọwọ́ ló fara pa. Ó ń fẹ́ ìtọ́jú kíá, fisiotẹ́rápì pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgúnmu gún un lójú ibẹ̀. Bí kò bá rí oorun sùn, tó ń ta gìrì tó bá gbọ́ fèrè mọ́tò, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà. Ìyẹn náà jẹ́ ìpalára, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé. Òfin 2017 tí Agbẹjọ́rò sọ fún un ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ara àti ti ọpọlọ.


Ìyá_Kẹ́hìndé
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 12:31 ọ̀sán

Àdìó ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òfin dáhùn, ẹ ò tíì dáhùn ìyá ọmọ.

Ọmọ tèmi náà ti dé irú ibẹ̀ rí. Wọ́n rán àgbàlagbà kan sí wa, ọmọ ìjọ wa, pé kí a gba owó díẹ̀ fi ra oògùn, kí a fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. A gbà á. Mi ò ní parọ́, a sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ má bú ìyá tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà bá ń dúró síwájú ilé ẹ, tí o sì ní ọmọ méjì míì nílé, wàá mọ̀ pé ẹjọ́ kò kan ọmọ kan ṣoṣo.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé wọ́n lè gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú míì? Àbí ìyẹn ni lọ́yà ń pè ní sísá?


Agbẹjọ́rò_Tóyìn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 1:10 ọ̀sán

Mà, ẹ kú àforítì. Kì í ṣe sísá. Sísá ni pé wọ́n pè é, kò yọjú, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ibi tó wà. Bí lọ́yà bá mọ ibi tó wà, tó sì ń mú un wá nígbà tí wọ́n bá pè é, kó lọ gbé ibi tọ́kàn ìyá rẹ̀ bá balẹ̀ sí. Kí ẹ má kọ àdírẹ́sì tuntun náà sínú àfidáfíìtì o. Ẹ̀dà àfidáfíìtì lọ sọ́wọ́ àwọn tí ẹ pè lẹ́jọ́. Àdírẹ́sì lọ́yà ni kí ẹ lò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà fóònù ìyá, ilé ìwé àbúrò, gbogbo rẹ̀, sínú ìwé tí wọ́n fẹ́ fi dáàbò bo ọmọ.

Ní ti owó tí wọ́n ń rán àgbà wá fi bẹ̀bẹ̀: ìpinnu ìdílé ni, èmi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí nǹkan kan láìjẹ́ pé lọ́yà kà á. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé “mo jábọ́ láti orí àkàbà ni”.


Láńre_Houston
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 3:22 ọ̀sán

Ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì! Òkùnkùn ni àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn. Ẹ rántí Moses Akatugba ní ìpínlẹ̀ Delta. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n mú un ní 2005, wọ́n fi ẹ̀mú fa èékánná rẹ̀ yọ, ó fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́, wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 2013. Ariwo ayé ló yọ ọ́. Àjọ Amnesty tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kó lẹ́tà jọ láti gbogbo àgbáyé, Gómìnà Uduaghan sì dárí jì í ní oṣù karùn-ún 2015.

Kódà ní Amẹ́ríkà níbí, Hafsat Abiola, Anthony Enahoro àti àwọn míì pe Abdulsalami Abubakar lẹ́jọ́ ní Chicago lórí àwọn tí ìjọba ológun dá lóró, tí wọ́n sì pa. Òfin kan wà níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 tó gbà kí ẹni tí wọ́n dá lóró nílẹ̀ òkèèrè pe ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́ tó bá wọ ìlú yìí. Ní 2005 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ibẹ̀ ní olórí ìjọba tẹ́lẹ̀ kò lè fara pamọ́ sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo orílẹ̀-èdè. Ọ̀gágun ni o!


Agbẹjọ́rò_Tóyìn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 3:41 ọ̀sán

Láńre, ìdájọ́ 2005 yẹn kan náà dá ọ̀rọ̀ padà pé kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn olùpẹ̀jọ́ ti lo gbogbo ọ̀nà tó wà nílé. Nílé ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ilé bá kọ̀, Kóòtù ECOWAS, ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Àbújá wà: ní oṣù kẹwàá 2017 ó dá Dorothy Njemanze àti àwọn obìnrin míì láre lórí bí wọ́n ṣe ń mú obìnrin lójú títì Àbújá, tí wọ́n ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Kóòtù yẹn kò ní kí o kọ́kọ́ parí ẹjọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ìjọba ni wàá pè níbẹ̀, kì í ṣe IPO.


Ṣadé_Yábàá
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5:05 ìrọ̀lẹ́

Láńre, ó rọrùn láti Houston.

Mo tẹ̀lé ìjókòó ìgbìmọ̀ olùwádìí Èkó lórí SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè nígbà náà, láti ìgbà tí Adájọ́ Doris Okuwobi ti jókòó lọ́dún 2020. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti sọ ohun tí wọ́n ṣe fún wọn. Fún àwọn kan, ó wo ọgbẹ́ wọn sàn. Mo rí ọkùnrin kan tó mí kanlẹ̀ bó ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà sì fọwọ́ sí owó gbà-máà-bínú tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà fún àwọn tó fẹjọ́ sùn. Mi ò kóyán rẹ̀ kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2020, báǹkì àgbà orílẹ̀-èdè (CBN) gba àṣẹ ilé ẹjọ́ ní Àbújá láti ti àkáǹtì ogún èèyàn tó kópa nínú ìwọ́de tako SARS. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aṣojú ọ̀dọ́ lórí ìgbìmọ̀ yẹn gan-an. Ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ o! Wọ́n gba ìwé ìrìnnà lọ́yà kan tó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ òfin fún àwọn tí wọ́n mú. Ní oṣù Kejìlá, ẹjọ́ jáde lórúkọ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá pé kí kóòtù dá gbogbo ìgbìmọ̀ náà dúró. Nígbà tí ariwo ta, ọ̀gá pátápátá ní òun ò mọ̀ sí i. Àìmọye ìgbà ni wọ́n sún ìjókòó síwájú nítorí ọlọ́pàá tí wọ́n pè kò yọjú. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá sún un, ẹni tó ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé padà sí àdúgbò kan náà.

Ariwo ń dáàbò bo ẹni tí ayé ti mọ̀. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe, tí ojú rẹ̀ bá ti wà lórí gbogbo fóònù, ariwo yẹn á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú rẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Ẹ tọ́jú ariwo. Ẹ kọ fídíò sílẹ̀, kó wà lọ́wọ́ lọ́yà àti ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n bá tún mú un, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ tú u síta.


Láńre_Houston
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí ẹ sọ nípa títọ́jú rẹ̀ bọ́gbọ́n mu.


Baba_Ìbejì
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:12 alẹ́

Agbẹjọ́rò, ẹ ní ẹ máa padà sórí owó. Mo ń dúró.


Agbẹjọ́rò_Tóyìn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:50 alẹ́

Baba, ẹ ò gbàgbé nǹkan. Abala 84 nínú òfin tó ń darí bí a ṣe ń gba owó ìdájọ́ sọ pé bí owó bá wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ ò lè fi kóòtù gbá a mú láìgba àyè lọ́wọ́ Attorney-General. Ẹni tó ń gbèjà ẹni tó jẹ yín ní gbèsè lẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdájọ́ ń kú sí. Ní oṣù Kejìlá 2017, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ CBN àti Interstella pé bí Attorney-General fúnra rẹ̀ bá wà lára àwọn tó jẹ gbèsè náà, a kò nílò àyè yẹn. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

Ìdí tí mo ṣe máa ń pe IPO àti ọ̀gá ikọ̀ lórúkọ ara wọn nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọmíṣọ́nà. Tí kóòtù bá ní kí Sájẹ́ǹtì Báyìí san owó látinú àpò ara rẹ̀, ó yàtọ̀ sí “iléeṣẹ́ ọlọ́pàá”. Àwọn ọlọ́pàá mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Bí wọ́n bá rí orúkọ wọn lójú ìwé àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wọn á lọ wá lọ́yà tiwọn, ìpè òru á sì dáwọ́ dúró. Kì í ṣe gbogbo ìgbà o.


Àdìó_Mọ́lété
Ọjọ́ Àìkú, aago 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. A ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí ṣe wí, ó sì fún wa ní ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-fisiotẹ́rápì. Lọ́yà wa ní òun yóò gbé ìwé wọ kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti kọ lẹ́tà onídùúró.

Nǹkan kan ló kù. Ọmọ kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó rí gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un. Wọ́n ti gbé òun lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n báyìí lórí ẹ̀sùn tirẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé òun máa jẹ́rìí. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbà á.


Ọlọ́pàá_Fẹ̀yìntì
Ọjọ́ Àìkú, aago 5:01 ìrọ̀lẹ́

Ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Níbi tó wà yẹn, ó jìnnà sí wọn ju bí yóò ṣe jìnnà tó bó bá wà nílé lọ. Ewu rẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wá sí kóòtù, àti ọjọ́ tó bá gba béèlì.


Agbẹjọ́rò_Tóyìn
Ọjọ́ Àìkú, aago 6:36 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, Àdìó, inú mi dùn pé ẹ̀rù bà yín.

Abala 232 nínú ACJA gbà kí ẹlẹ́rìí lo orúkọ míì, kó jẹ́rìí lẹ́yìn aṣọ ìbòjú, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kóòtù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀sùn tó ka sílẹ̀ ni ìfipábánilòpọ̀, ìpániláyà, ìwà ọ̀daràn owó, òwò ènìyàn, àti èyí tí òfin míì bá gbà á fún. Kò dárúkọ ìdálóró. Lójú tèmi, àléébù ńlá ni, nítorí kò sí ẹjọ́ tí agbára ìhà kejì ti pọ̀ tó èyí tó jẹ́ pé ìhà kejì ló ní ìbọn àti kọ́kọ́rọ́ sẹ́ẹ̀lì. A lè fi òfin 2017 àti àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí ìdálóró, tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ní 2001, bẹ adájọ́ (abala 13 níbẹ̀ sọ pé kí ìjọba dáàbò bo ẹni tó fẹjọ́ sùn àti ẹlẹ́rìí). Adájọ́ lè gbà. Ó lè má gbà.

Ohun tí èmi máa ṣe: màá rán lọ́yà sí i nínú ọgbà, kì í ṣe ẹbí. Lọ́yà tirẹ̀, tí kì í ṣe lọ́yà yín, ni kó sọ fún un bóyá ọ̀rọ̀ yìí lè ba ẹjọ́ tirẹ̀ jẹ́. Bí ìwé dókítà yín bá lágbára, ẹ lè má nílò rẹ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa á mọ́. Tí ọlọ́pàá bá wá búra pé àwọn ò fọwọ́ kàn án, nígbà náà ni kí ẹ ronú lé e. Ẹ má fi ọmọ kan gba ọmọ kejì sílẹ̀.


Ìyá_Kẹ́hìndé
Ọjọ́ Àìkú, aago 7:20 alẹ́

Ìyá ọmọ ẹ̀wọ̀n yẹn ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti sọ fún un?


Àdìó_Mọ́lété
Ọjọ́ Àìkú, aago 7:44 alẹ́

Rárá, mà. Ọ̀la ni màá wá ilé wọn lọ.


Olúwaṣèyí_Ọ̀ṣogbo
Ọjọ́ Àìkú, aago 10:09 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi lọ́dún tó kọjá, a ò ṣe nǹkan kan. A ò lówó lọ́yà. Ṣé ó ti pẹ́ jù?


Agbẹjọ́rò_Tóyìn
Ọjọ́ Àìkú, aago 10:31 alẹ́

Kò pẹ́ jù. Bí mo ṣe sọ lókè, oṣù mẹ́ta yẹn kò kàn án. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń wá lọ́yà fún ẹni tí kò lówó, ní ìpínlẹ̀ yín, tàbí Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Ọ̀fẹ́ ni láti fẹjọ́ sùn níbẹ̀. Ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn èyíkéyìí dání, kódà ìwé tí wọ́n fi ra oògùn ní ọjọ́ náà. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síbí.